Nítorí Ọwọ́ Òsì Kan ni A Ṣe Dé Etí Ọ̀sà

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹ ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo lọ wá ní Wọ́tásáìdì létí ọ̀sà lọ́hùn-ún tí mo fi dúdú bọ̀, tí mo sì tún sanra, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹnu mi lè sinmi. Èmi tí mo ṣe olùkọ́ àgbà títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí n kò fẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ ojú omi rí, mo wọ̀ ọ́, mo lọ, mo sì ti dé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó mú mi lọ tó sì mú mi bọ̀. Ọpẹ́ tún ni fún àwọn èèyàn kan tí wọn kò mọ̀ mí rí, tí wọ́n gbà mí bí ẹni pé àwọn ló bí mi.

Iṣẹ́ tí Mọ́lá ń ṣe

Àbúrò mi Adémọ́lá ló fà mí síta. Àwọn àgbà inú yín yóò rántí rẹ̀ ní kékeré, ọmọ tó máa ń ṣa àjákù pákó ní sọ́míìlì, tí yóò máa fi ọ̀bẹ fín ojú èèyàn sí i. Bàbá wa rán an lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè pé kó lọ kọ́ ìṣirò owó. Ó lọ, ṣùgbọ́n pákó náà ló tún ń fín níbẹ̀. Ó ń fín àwọn alágbára tí wọ́n ń jẹ ìlú run, á fi yíǹkì kun pákó náà, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tàbí aṣọ, á sì lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i. Nígbà tó fín eku kan tó dé fìlà, tó jókòó lé àpótí ìbò, wọ́n tì í mọ́lé. Bàbá wa kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èmi náà kò dákẹ́. Mo ní ẹni tí yóò bá ìjọba jà, kó kọ́kọ́ ní bàtà tí kò lu.

Ó jìyà. Ó sùn káàkiri ilé ọ̀rẹ́, ó mu gààrí láìsí ṣúgà, kò sì yí padà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni àwòrán kan wá sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè láti òkè òkun.

Bí ọ̀rọ̀ àwòrán náà ṣe jẹ́ nìyí. Olówó kan fẹ́ gba etí ọ̀sà lọ́wọ́ àwọn apẹja kan ní Wọ́tásáìdì, ó sì kó àwọn ẹ̀ṣọ́ oníbọn wá láti lé wọn. Mọ́lá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbèjà wọn lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí obìnrin àgbàlagbà kan jáde láti inú ilé tí wọ́n fẹ́ wó, tó bu omi sínú ife, tó sì gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Mọ́lá délé, ó fín in sára pákó, ó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nínú àwòrán yìí, ọwọ́ òsì ni ìyá náà fi gbé omi fún ẹ̀ṣọ́. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó rí i ní ìyá yìí gbójú, ó fún ọ̀tá lómi, ó sì fi ìwọ̀sí kún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù. Wọ́n gbé e kọ́ ní òkè òkun, wọ́n ṣàlàyé òsì fún àwọn òyìnbó, àwọn òyìnbó sì kọ ìwé gìrìwò lé e lórí. Ariwo náà pọ̀ débi pé olówó yẹn kó ẹrù rẹ̀, ó fi etí ọ̀sà sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Àgọ́-Ìwòyè

Lọ́dún yìí, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan pe Mọ́lá lórí fóònù láti Àgọ́-Ìwòyè pé òun fẹ́ rí i. Orúnkún ń da Mọ́lá láàmú, kò lè dá gun ọ̀kadà mọ́, ó ní kí n bá òun lọ. Bùkà kan nítòsí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la ti pàdé ọmọ náà. Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì jẹ́ kí a jẹun díẹ̀ kó tó la ẹnu.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Ìyá tó wà nínú àwòrán yín, ìyá ìyá mi ni. Wọ́n ní kí ẹ gbé e wá kí àwọn fi ojú ara àwọn rí i. Wọ́n ní àwọn kò fi ọwọ́ òsì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí."

Mọ́lá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó sanwó oúnjẹ, a jáde síta. Nígbà tí a dé abẹ́ igi kan, mo dá a dúró.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ṣe?"

"Àǹtí mi, ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá yẹn fi fún un."

"Òsì ti ṣe débẹ̀?"

"Pákó ni. Ohun tí mo bá fín sí apá ọ̀tún pákó, apá òsì ló ń bọ́ sí tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ, bíi ti inú dígí. Ó yẹ kí n yí i padà kí n tó fín in. Mo ń kánjú nígbà náà, mo fẹ́ kó tètè dé ìgboro. Kí n tó ráyè tún un ṣe, gbogbo èèyàn ti ń yìn ín nítorí ọwọ́ òsì."

"O sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́, mà."

N kò bá a wí púpọ̀. Ẹni tó ti mu gààrí láìsí ṣúgà títí, tí wọ́n bá gbé oyin fún un, kò ní béèrè ẹni tó ni afárá. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé a máa lọ. Ó ní àwọn òyìnbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi àwòrán náà ṣe iwájú ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ òun. Mo ní nítorí ìyẹn gan-an la ṣe máa tètè lọ.

Lórí omi

Bùkọ́lá ló mú wa lọ. Títí dé Àbìgì, mo ṣì mọ ibi tí mo wà. Igbó tí ojú mi mọ̀ ni, kòkó àti ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tí igi ń hù nínú omi, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé òórùn ẹja yíyan wá. N kò ní dárúkọ abúlé tí a lọ, àwọn ará ibẹ̀ ló bẹ̀ mí. Wọ́n ti rí olówó kan rí, wọn kò fẹ́ kí òmíràn mọ ọ̀nà.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gbàdúrà fún mi kí n tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí bí ọkọ̀ ojú omi náà ṣe kéré tó, mo tún gba tèmi. Mo di ojú mọ́lẹ̀, mo ń kọ orin ẹ̀mí títí ohùn mi fi há. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Màmá, ẹ la ojú yín. Ẹni tó bá di ojú ni omi ń bà lẹ́rù jù." Mo là á. Ọ̀sà tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú mi, àwọn ẹyẹ funfun bà lé àwọn òpó tí wọ́n so àwọ̀n mọ́, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń tu ọkọ̀ lọ nínú yúnífọ́ọ̀mù wọn, wọ́n sì ń juwọ́ sí mi. Mo dúpẹ́ pé mo la ojú.

Bí wọ́n ṣe ń gba àlejò níbẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́dọ̀ tiwa, a ó ti bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́ kí o tó ráyè jókòó. Lọ́dọ̀ tiwọn, omi ni lákọ̀ọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni kò béèrè orúkọ wa tàbí ohun tí a bá wá títí a fi mu omi tán. Omi yìí sì ni ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ níbẹ̀. Ọ̀sà yí wọn ká, wọn kò lè mu ún. Omi òjò ni wọ́n ń gbà sínú àmù àti dúrọ́ọ̀mù, òun ni wọ́n ń ṣọ́ lò títí òjò mìíràn yóò fi rọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún mi, mo ti gbé ife mi mu tán láìronú, ojú sì tì mí díẹ̀.

Dúpẹ́, ìyá Bùkọ́lá, gbé púpurú tòun tọbẹ̀ ẹja síwájú wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, gààrí wa ni mo mọ̀, mo sì ti rò pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Púpurú dúró sí mi lọ́nà ọ̀fun.

"Ẹ má bá a jà, mà," Dúpẹ́ ní. "Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ mú un wọlé."

Mo jẹ́ kí ọbẹ̀ mú un wọlé. Ẹja inú rẹ̀ ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Orí rẹ̀ ni wọ́n bù fún èmi àlejò, àwọn onílé ń jẹ ìrù, wọ́n sì ń wo ẹnu mi bóyá mo ń gbádùn rẹ̀. Mo tọrọ púpurú sí i lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tí mo ti sanra nìyẹn.

Èdè wọn kọ́kọ́ ṣú mi lójú. Mo ti gbà pé àjèjì pátápátá ni mí, àfi ìgbà tí obìnrin kan bi ọmọ rẹ̀ pé ibo ló ń yún, kò sọ pé ibo ló ń lọ. Ohun tí ìyá mi máa ń bi mí nílé nìyẹn bí mo bá ti mú bàtà. Láti ìgbà náà ni mo ti jókòó dáadáa lórí àga tí wọ́n fún mi.

Ìyá Dúpẹ́ rí ara wọn

Ìyá Dúpẹ́, ìyá inú àwòrán fúnra wọn, kò bá wa sọ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ tí a dé. Wọ́n ní kí ìrìn kọ́kọ́ jáde lára wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, wọ́n jókòó síwájú ilé. Wọ́n ní, "Ó yá, ẹ gbé mi jáde kí n rí ara mi."

Mọ́lá tẹ́ aṣọ tí àwòrán wà lára rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá tẹ̀ síwájú, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ojú mi ni," wọ́n ní. "Ìró mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn kì í ṣe tèmi."

Mọ́lá dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pákó, kò fi nǹkan kan pamọ́. Mo rò pé wọn yóò bínú. Wọ́n ní kó dìde, kí ìrora má bàa pọ̀ sí i fún un.

"Ẹ̀ṣọ́ yẹn ní orúkọ," wọ́n ní. "Wàsíù ni, ọmọ ìlú Awa lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ó fi iṣẹ́ ìbọn sílẹ̀, ó padà wá bẹ̀ mí níbí yìí. Láti ìgbà náà, tó bá ti ṣe Iléyá tán, á gbé ẹran wá fún mi. Òun ló tún òrùlé yìí ṣe. Ìyá ló ń pè mí. Omi ti gbé ọmọkùnrin tí mo bí lọ, mo wá tún ní ọmọkùnrin."

Wọ́n tún ìró wọn ró.

"Nígbà tí ariwo àwòrán yín dé Awa lẹ́yìn ìyẹn, kò wá mọ́. Mo ń pè é lórí fóònù, kò gbé e. Wọ́n wá sọ fún mi pé nínú àwòrán náà, ọwọ́ òsì ni mo fi fún un lómi. Ta ló máa rí irú ìyẹn tí yóò tún máa pe èèyàn ní ìyá?"

Mo wo àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, èmi tí mo ti ń bá a jà látọjọ́ pé kó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí. Gbogbo ìyà tó ti jẹ, ọwọ́ òsì yẹn ló parí rẹ̀ fún un.

"Ìyá," ó ní, "ọwọ́ òsì yìí ni ayé fi mọ̀ mí."

"Ayé tó mọ̀ ọ́, ṣé ó mọ̀ mí?"

Mọ́lá ká aṣọ àwòrán náà nílẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun wá pákó.

Pákó tuntun

Irinṣẹ́ Mọ́lá kì í kúrò nínú àpò rẹ̀, Bíbélì náà kì í sì í kúrò nínú tèmi. Wọ́n rí pákó kan lára ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó, wọ́n fá a, wọ́n sá a sóòrùn. Mọ́lá da àwòrán àtijọ́ kọ sórí rẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí títẹ̀ lè yí i padà síbi tó yẹ kó wà. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì í, ó ń fín in. Àwọn apẹja tó ń bọ̀ láti orí omi ń yà wò ó. Ọ̀kan ní kó bá òun fín ẹja tí òun pa mọ́ ọn, kó sì jẹ́ kó tóbi ju bó ṣe rí lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹnu rẹ̀ nìkan ti ń fi kún ẹja tó, kò nílò pákó. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Ìyá Dúpẹ́ mú aṣọ funfun kan wá látinú àpótí wọn pé orí rẹ̀ ni kó tẹ̀ ẹ́ sí. Nígbà tí Mọ́lá ká aṣọ náà kúrò lára pákó, ọwọ́ ọ̀tún Ìyá ló wà níbẹ̀, ó gbé ife dání. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ìyá sún mọ́ ọn, wọ́n ní, "Tèmi nìyí. Ẹ kú iṣẹ́." Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́ nígbà tí Bùkọ́lá ní, "Màmá, ẹ wo Bùọ̀dá Wàsíù."

A wò ó. Bí ọwọ́ Ìyá ṣe yí padà ni tirẹ̀ náà yí padà. Ìbọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló nà síwájú láti gba nǹkan lọ́wọ́ àgbàlagbà. Nínú àwòrán àtijọ́, Ìyá ni kò mọ ìwà hù, ọmọ náà sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Nínú tuntun yìí, òun ló di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí a ṣe láti fi bẹ̀ ẹ́ kó padà wá ti di ohun tó ń bú u.

"Bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ náà gan-an nìyí," Mọ́lá ní. "Ọwọ́ yín nìkan ni mo ń rò, mo ti gbàgbé tirẹ̀ títí mo fi rí i yìí. Ìyá, mo lè yọ ìbọn yẹn kúrò, kí n fún un ní ọwọ́ ọ̀tún."

Ìyá ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Rárá, mà."

"Má yọ níbẹ̀, má fi kún un. Irọ́ kan ló gbé wa dé ibi tí a wà yìí. Ẹ mú un lọ fún un bó ṣe wà."

Nígbà tí a ń bọ̀, gbogbo abúlé ló sìn wá dé etí omi. Wọ́n di ẹja gbígbẹ fún wa, wọ́n di ẹdé fún wa, Dúpẹ́ sì fi púpurú tèmi sí i. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí ojú wa kò fi tó wọn mọ́. N kò kọrin lórí omi lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀rù tó wà lára mi kì í ṣe ti omi mọ́, ti ọmọ Awa yẹn ni.

Awa

Awa kò jìnnà sílé rárá. Àìmọye ìgbà ni mo ti gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, n kò sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń sọkún rẹ̀ létí ọ̀sà ń gbé ibẹ̀. Níbi ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ la ti bá Wàsíù. Ọkùnrin tó dá irùngbọ̀n sí ni, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn obìnrin tó gbé ẹ̀gẹ́ wá. Nígbà tó rí Mọ́lá, ẹ̀rín náà lọ.

Síbẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi àga fún wa, ó bi wá bóyá àlàáfíà la wá. A ní àlàáfíà ni. Ó ní alihamudulilai. Mọ́lá kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó sọ fún un pé òun ló ṣe àṣìṣe nínú àwòrán ti àkọ́kọ́, pé Ìyá ló ní kí a gbé èyí wá. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó tó ń ṣe ìwé náà pé èyí ni kí wọ́n lò, tàbí kí wọ́n má lo ọ̀kankan. Wọn kò tíì fèsì títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Orí mi wú nítorí àbúrò mi lọ́jọ́ náà, mo sì ti sọ fún un.

Ó wá tẹ́ aṣọ funfun náà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ara mi nìkan ni mo ń wò. Wàsíù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Ó ti tọ́ báyìí," ó ní.

Mo rò pé kò rí i dáadáa ni. Mo ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ òsì lo fi gbà á níbẹ̀ o."

"Mo mọ̀, Màmá. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀." Ó wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀gẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. "Nígbà tí ti àkọ́kọ́ dé Awa níbí, àwọn èèyàn mi ń sọ fún mi pé, wo bí obìnrin yìí ṣe hùwà sí ọ, ìwọ tó fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo hùwà náà, òun ni wọ́n ń bú. N kò sì la ẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó tí mo bá débẹ̀? Tí fóònù bá dún, tí mo rí orúkọ rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń gbé e dojú dé."

Gbogbo ìgbà tí ìyá arúgbó yẹn rò pé ọmọ òun ń bínú, ojú ló ń ti ọmọ náà. Mo mú fóònù mi, mo pe Ìyá Dúpẹ́, mo tẹ ibi tí gbogbo wa yóò fi gbọ́ ọ, mo sì nà án sí Wàsíù. Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ aṣọ, ó fi méjèèjì gbà á.

"Ìyá," ó ní. "Èmi Wàsíù ni."

A ń gbọ́ afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà nínú fóònù.

"Ìyá, ọwọ́ òsì ni mo fi gba omi yẹn lọ́wọ́ yín."

"Mo rí i," Ìyá Dúpẹ́ ní. "Mo rí i lọ́jọ́ náà. Òǹgbẹ ló ń gbẹ ọ́, ọmọ mi."